Ẹsẹ̀ Mẹ́wàá Tí Kò Wọ Ihò

Ẹsẹ̀ mẹ́jọ wọlé, méjì kọ̀. Aago kan òru ti lù, àtìrọ̀lẹ́ ni mo sì ti jókòó ti bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ohùn náà, tí mò ń ti kọnẹ́tọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá kan, ìyẹn ohun tí a fi ń so wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù, bọ inú ihò mẹ́wàá tí èmi fúnra mi yà lórí kọ̀ǹpútà. Mo tì í láti ọ̀tún, ti òsì yọ. Mo tì í láti òsì, ti ọ̀tún gbé orí sókè bí ẹni pé ó fẹ́ wo ojú mi. Nígbà tó yá, mo fi ẹ̀mú tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun sínú díẹ̀, mo fi agídí tì í, ni bàbà tó yí ihò kan ká bá ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta retí ni o.

Ohun tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ kò ju 0.04 mm lọ. 2.54 mm ni mo fi ya ihò kan sí èkejì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì, tí í ṣe ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ohun èlò ẹlẹ́sẹ̀ ń lò. Kọnẹ́tọ̀ tí mo rà, 2.5 mm ni tirẹ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n àlàfo mẹ́sàn-án ló wà láàárín ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ kó 0.04 jọ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó di 0.36 mm. Ihò tí kò fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kò ní gba irú ìyẹn mọ́ra.

Ohun tó sì tàn mí jẹ ni pé mo ti lo irú kọnẹ́tọ̀ yìí fún bí ọdún kan, ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lórí ihò 2.54 kan náà, wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò ní ju àlàfo méjì lọ, àṣìṣe 0.08 mm kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo wá gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àṣìṣe tó bá ti jẹ mí lọ́wọ́ fún ọdún kan, mi ò tún mọ̀ ọ́n sí àṣìṣe mọ́.

Lórí àpò ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, “JST 2.54” ni ẹni tó tà á kọ sí i. Ọ̀rọ̀ méjì péré, àléébù méjì. Àkọ́kọ́, JST kì í ṣe orúkọ kọnẹ́tọ̀ kankan. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ni, ìdílé kọnẹ́tọ̀ tó sì ń ṣe kò lóǹkà: XH tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm, PH tó jẹ́ 2.0, ZH tó jẹ́ 1.5, SH tó jẹ́ 1.0, VH tó jẹ́ 3.96, kí n má tíì ka ìyókù. Ẹni tó bá ní kí n bá òun ra “JST” dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé tó ń pe “Bọ̀dá”: gbogbo ọkùnrin ilé ni yóò dáhùn. Èkejì, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní “JST 2.54” yẹn, XH ni, 2.5 ni. Àwọn tó jẹ́ 2.54 lóòótọ́ ni irú KK 254 ti ilé iṣẹ́ Molex, àti àwọn ẹsẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n ń tà ní ogójì ogójì, tí àwọn èèyàn ń pe èkejì wọn ní Dupont. Àrùn kan náà ló ń ṣe àwọn kọnẹ́tọ̀ onísúkúrù: 5.00 àti 5.08 jọra bí ìbejì lórí fọ́tò, bẹ́ẹ̀ náà ni 3.50 àti 3.81.

Kò sí ẹni tí í fi kọnẹ́tọ̀ lálàá. Ẹ wo àwa tá à ń fi ọwọ́ ara wa ṣe ẹ̀rọ ohùn: NE5532, ìyẹn IC (ègé ẹ̀rọ kékeré) tó ń gbé ohùn ga, la máa ń jiyàn lé lórí, irú kapásítọ̀ tó yẹ kó wà lójú ọ̀nà ohùn, bí tiransifọ́mà ṣe yẹ kó tóbi tó. Tó bá wá kan ibi tí ohùn yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde, a ó ya ihò mẹ́ta sí etí bọ́ọ̀dù, a ó ní ohunkóhun tá a bá rí á wọ̀ ọ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán iṣẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá ka àwọn ẹ̀rọ mi tó ti kọṣẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, IC tó kú nínú wọn kò ju méjì lọ. Ìyókù, ibi tí nǹkan méjì ti fẹnu kora ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ yíyà ti yí padà lọ́dọ̀ mi. Kọnẹ́tọ̀ ni mò ń kọ́kọ́ rà. Ó di ìgbà tó bá dé, tí mo gbé e sọ́wọ́, kí n tó ya ihò kan ṣoṣo.

Rírà gan-an ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni kọnẹ́tọ̀ kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tó ń ta ojúlówó ń tà wọ́n. Apá tó ń dúró lórí bọ́ọ̀dù wà, ilé oníke tó ń wọ̀ ọ́ lórí wà, àwọn irin inú tín-ín-tìn-ìn-tín tí a ń fún mọ́ orí wáyà sì wà, tí a ó tó kì bọ inú ilé náà. Fún XH ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, B10B-XH-A ni apá orí bọ́ọ̀dù, XHP-10 ni ilé rẹ̀, SXH-001T-P0.6 ni irin inú rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí síbí nítorí pé nígbà àkọ́kọ́ tí mo ra tèmi, orí bọ́ọ̀dù àti ilé nìkan ni mo rà. Mo rò pé irin ti wà nínú ilé. Mo ṣí páálí, mo rí ilé funfun ogún, òfìfo ni gbogbo wọn. Ẹrù kejì tí mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, irin inú ọgọ́rùn-ún tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, owó tí mo san láti gbé e dé ọ̀dọ̀ mi fi ìlọ́po púpọ̀ ju owó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Lórí àtẹ àwọn tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ lórí ayélujára, bíi Mouser, DigiKey, Farnell tàbí LCSC, ẹ lè tẹ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wọlé kí ẹ rí àwòrán tó ní ìwọ̀n, iye iná tó lè gbà, àti wáyà tó bá a mu. Àwọn ọjà tí kò ní nọ́ńbà, tó jẹ́ fọ́tò nìkan, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà wọ́n. Èmi náà ń rà wọ́n. Àmọ́ ilé àti ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà, lọ́jọ́ kan náà ni mò ń ti ra méjèèjì. Àfarawé tó bá àfarawé ẹgbẹ́ rẹ̀ mu dáadáa lè máà wọ ojúlówó.

Ó wá ku bí a ṣe ń fún irin mọ́ wáyà, mo sì ní ẹjọ́ láti rò níbẹ̀. Ẹ wo irin inú yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé etí méjì méjì ló ní, níwájú àti lẹ́yìn. Etí iwájú ló ń di bàbà mú. Etí ẹ̀yìn ló ń di awọ wáyà mú, kí ẹni tó bá fa wáyà má baà fa bàbà. Ẹ̀mú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà máa ń ká etí iwájú náà wọnú bí ìgbà tí èèyàn ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, yóò tẹ bàbà mọ́ irin débi pé afẹ́fẹ́ kò ní rí àyè láàárín wọn. Èmi kò ní ẹ̀mú yẹn. Ẹ̀mú lásán tí mo fi ń ká ẹsẹ̀ rẹsítọ̀ ni mo fi tẹ tèmi pẹlẹbẹ, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o kí ó lè dá mi lójú.

Ó ṣiṣẹ́. Oṣù méjì ló fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, sípíkà òsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Tí mo bá gbá àpótí náà, á padà. Tí mo bá gbé e kúrò lórí tábìlì, á lọ. Mo yọ IC, mo fi òmíràn sí i. Mo pààrọ̀ fọ́lúùmù. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ọwọ́ mi tó kan wáyà náà, ni ó bá já sí mi lọ́wọ́, ní ibi tí lẹ́ẹ̀dì parí sí gan-an. Lẹ́ẹ̀dì a máa rìn wọ inú bàbà onífọ́nrán, á sọ ọ́ di igi gbígbẹ. Ibi tí igi bá ti pàdé okùn rírọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa tẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí wo àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí i, ó ní, “Àbúrò, o fún un, o tún jó o. Ewo lo gbà gbọ́ nínú méjèèjì?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo ra ẹ̀mú náà. Ẹni tó bá ń ṣe bọ́ọ̀dù méjì lọ́dún lè má rà á o: wọ́n ń ta wáyà tí wọ́n ti fún irin mọ́ lórí, ẹ kàn máa kì í bọ inú ilé ni. Mi ò ka ìyẹn sí ọ̀lẹ.

Ohun tí ẹ̀mú kò lè wò sàn ni wáyà tí kò bá irin mu. SXH-001T-P0.6 ń gba wáyà láti AWG 28 dé 22 (AWG ni ìwọ̀n ìsanra wáyà; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe ń sanra tó), awọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ nípọn ju 1.9 mm. Mo ti gbìyànjú láti ki AWG 18 sínú rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé wáyà tó bá sanra ló dára. Ìgbà tí mo gé ìdajì fọ́nrán rẹ̀ kúrò kó lè wọlé ni mo rẹ́rìn-ín ara mi. Ìdílé XH kò sì gbà ju 3 A lọ (A, áńpíà, ni ìwọ̀n iná tó ń kọjá). Ampilifáyà tó ń ti 100 W sínú sípíkà 8 Ω (Ω ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) ń gbé bí 3.5 A, ṣóńṣó rẹ̀ sì ń kan 5 A. Iṣẹ́ VH nìyẹn, èyí tó ń gba 10 A.

Wáyà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo ra ìdì wáyà pupa kan rí, wọ́n kọ “bàbà” sí i gàdàgbà. Nígbà tí mo gbé e, ó fúyẹ́ jù. Mo fi abẹ ha á lórí: àwọ̀ bàbà ṣí kúrò, funfun yọ lábẹ́. Alumíníọ̀mù ni, bàbà kàn bò ó bí ẹ̀wù ni. Iná tí alumíníọ̀mù lè gbé kò ju bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún tí bàbà tí ìwọ̀n wọn bára mu ń gbé lọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ó ń kán bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ibi tí wọ́n bá sì gé e sí, tí funfun bá ti yọ, lẹ́ẹ̀dì a máa sá fún un. Ẹni tí kò fẹ́ ha wáyà lè fi míìtà wò ó: 24 AWG tó jẹ́ bàbà gidi ń fi bí 0.084 Ω hàn ní mítà kan, mítà mẹ́wàá á fi 0.84 hàn. Kí ẹ kọ́kọ́ pa ẹnu míìtà méjèèjì pọ̀, kí ẹ yọ iye tó bá fi hàn kúrò. Tèmi ju 1.2 lọ. Mo fi í di ẹ̀wà ewéko mọ́ ọ̀pá, ó sì wúlò níbẹ̀.

Mi ò wá torí ìyẹn di ọ̀kan lára àwọn tó ń sọ pé wáyà ní ohùn. Nínú àpótí tí ìdá mẹ́wàá Ω bá wà lójú ọ̀nà tó ń lọ sí 10 kΩ, etí ẹ̀dá kankan kò lè mọ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ wáyà ohùn, pF ni, ìyẹn ìwọ̀n iná tí wáyà ń fi pamọ́ sára bíi kapásítọ̀. Wáyà aláṣọ, ìyẹn èyí tí wọ́n hun bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bò kí ariwo má baà wọlé, sábà máa ń ní nǹkan bí 100 pF ní mítà kan. Mítà márùn-ún, 500 pF. Tí ohun tó ń ti ohùn sínú rẹ̀ bá jẹ́ 100 Ω, kò sí ìṣòro. Tó bá jẹ́ 10 kΩ, ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní bí 32 kHz, òkè ibi tí etí wa dé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 100 kΩ, 3.2 kHz ni, ohùn á ti wọ aṣọ òtútù. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní san owó ńlá torí wúrà tí wọ́n fi kun ẹnu wáyà. Ó tilẹ̀ dára kí ẹsẹ̀ onítin pàdé ilé onítin. Bí wúrà àti tin bá ń gbọ̀n lára ara wọn fún ìgbà pípẹ́, tin á máa bàjẹ́.

Nínú àpótí, kì í ṣe gbogbo wáyà ló nílò aṣọ. Wáyà iná láti tiransifọ́mà, mo máa ń lọ́ méjì méjì pọ̀ ni. Wáyà tó wá láti ẹnu àbáwọlé dé fọ́lúùmù ló ń wọṣọ, ìpẹ̀kun kan ṣoṣo lára aṣọ náà ni mo sì ń so mọ́ gíráǹdù, ìyẹn ojúkò tí iná ń gbà padà. RG-174 ni mo kọ́kọ́ lò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju 2.8 mm lọ, ṣùgbọ́n ike inú rẹ̀ kò lè gba ìgbóná: mo fi áyọ́ọ̀nù pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, bàbà àárín rì bí òkúta nínú ẹrẹ̀ títí ó fi kan aṣọ. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ fẹ́ẹ́. RG-316, tí ike inú rẹ̀ jẹ́ PTFE, kì í yọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mò ń lò báyìí.

Orísun tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe àtẹ kankan. Inú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń gbé ohùn láti ibi ìgbá CD wá sórí bọ́ọ̀dù ńlá. Ó wọṣọ, kọnẹ́tọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà lórí rẹ̀, 2.54 mm ni àlàfo rẹ̀, wọ́n sì ti fún un dáadáa nílé iṣẹ́. Mo ti tú bí mẹ́jọ. Ẹni tó to ẹsẹ̀ rẹ̀ ní làákàyè: àwọn méjì tó wà láàárín ni gíráǹdù, òsì wà ní ìpẹ̀kun kan, ọ̀tún wà ní èkejì. Tí ọwọ́ bá ṣì, tí èèyàn yí i po, òsì á di ọ̀tún, kò sí ohun tó máa jóná. Ẹ fi í wé wáyà pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tó ń gbé iná lọ sí àwọn ẹ̀rọ Eurorack, ìyẹn àwọn ègé ẹ̀rọ tí wọ́n ń tò pọ̀ fi dá ohùn orin: −12 V wà ní ìpẹ̀kun kan, +12 V ní èkejì, ilà pupa ara wáyà ló ń fi apá −12 hàn. Ẹni tó bá yí ìyẹn po, tí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù kò sì fi diode (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ṣọ́ ọ, èéfín ni yóò rí. Nítorí ìyẹn, mo máa ń ra èyí tó ní ògiri yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, tó lẹ́nu ní apá kan. Iye tó fi wọ́n ju ẹsẹ̀ òfìfo lọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sán kan tí mo fi wá IC tó jóná.

Ojú àpótí ni mò ń nawó sí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ èèyàn ń bá ẹ̀rọ jà: wọ́n ń fà á, wọ́n ń tì í, wọ́n ń fẹsẹ̀ kọ wáyà rẹ̀. Mo ra kọnẹ́tọ̀ ilé iṣẹ́ Neutrik tàbí Switchcraft fún ibẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí ilé iṣẹ́ mọ̀, torí pé àfarawé wọn pọ̀ nínú ọjà. Àwọn kọnẹ́tọ̀ wọ̀nyí ní ìwà tí àwòrán iṣẹ́ kì í sọ. RCA, irú ẹnu wáyà pupa àti funfun ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ń fi ohùn kàn kí gíráǹdù tó kàn, ìdí nìyí tó fi máa ń pariwo bí wọ́n bá kì í bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn. Jáàkì 6.35 mm, tó ti wà láti ayé àwọn tó ń fi ọwọ́ so ìpè tẹlifóònù, a máa fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ bó ti ń wọlé lọ. XLR, kọnẹ́tọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti makirofóònù, ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí í ṣe ti aṣọ ló ń kọ́kọ́ kàn.

Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ XLR yẹn sì ti fi ojú mi rí nǹkan. Mo ṣe preamp kan (ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ gbé ohùn makirofóònù ga) tó ń kùn bí oyin ní kété tí mo bá fi makirofóònù sí i. Mo ti so ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ gíráǹdù bọ́ọ̀dù, bó ṣe wà lórí àwòrán. Gbogbo ìdọ̀tí tí aṣọ wáyà kó bọ̀ láti ìta, àárín bọ́ọ̀dù mi ló ń gbà kọjá. Neil Muncy kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1995 nínú ìwé ìròyìn Audio Engineering Society, “pin 1 problem” ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Oògùn rẹ̀ kò gba IC: wáyà kúkúrú kan láti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ sí ara àpótí onírin, níbi tí kọnẹ́tọ̀ ti dúró gan-an. Kíkùn náà dákẹ́.

Dúrọ́ọ̀ mi kò kún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. XH fún ohùn àti iná kékeré, VH fún iná ńlá, kọnẹ́tọ̀ wáyà pẹlẹbẹ, díẹ̀ lára wáyà CD. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀ kì í wọ àwòrán mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo parí bọ́ọ̀dù tuntun kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá wà lórí rẹ̀. Kí n tó fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò ṣe é, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n kó lè dá mi lójú pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sún un kì, mo tẹ́ bébà náà sórí fóòmù, mo gbé B10B-XH-A lé e, mo tì í. Ó dá bébà lu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ṣí bébà kúrò, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síná, mo fi ìka kà á, ihò kan sí èkejì, lórí àmì kan sí èkejì. Mẹ́wàá.